Ìtàn Ìkéde Ìjọ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tí ó ń lọ sí ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi tí kò mọ àkókò tí a ń ka ìkéde. Ní Ìgàndò, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, akọ̀wé ìjọ a dìde, a mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún gbogbo ènìyàn: ìpàdé àdúrà yóò wà ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, àwọn akọrin yóò péjọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá máa múra ọjọ́ ìdúpẹ́ wọn sílẹ̀, kí olúkúlùkù rántí owó kíláàsì, ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, lágbájá àti tàmẹ̀dù fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ará wa kan ń ṣe àìsàn, kí a máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ní àkókò yìí ni ọmọdé a bẹ̀rẹ̀ sí í yí sọ́tùn-ún sósì, ni àgbà a máa wo aago, tí ẹlòmíràn a sì rọra jáde lọ gba atẹ́gùn. Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìwàásù àti orin ni ìsìn. Ìkéde kò ju ìdádúró lọ kí a tó lọ sí ilé lọ jẹun.

Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo ìwé pélébé tí akọ̀wé ń kà yìí, a ó rí i pé ojú ewé ìtàn ni. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbòǹgbò náà ni ó sì jinlẹ̀ ju ọjọ́ tí a kọ́ ilé ìsìn wa lọ. Àwọn kan jáde wá láti inú àìní, àwọn kan láti inú ogun, àwọn kan láti inú ìjà láàrin ará. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ; nítorí náà ni a ṣe fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìkéde lọ sí ẹ̀yìn, kí a lè mọ ohun tí a fi í ṣe ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí a sì mọ̀ bóyá ohun kan náà ni a ṣì ń fi í ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Kí ilé ìsìn tó dé ni akéde ti wà. Bí ọba àti àwọn ìjòyè bá ti pinnu ọ̀rọ̀, akéde a mú agogo rẹ̀, a jáde ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn ará oko bá ti wọlé, a sì máa lu agogo káàkiri àdúgbò. Ìgàndò jẹ́ ìlú Àwórì, àwọn ènìyàn tí ìtàn wọn sọ pé àwọn bá Ọlọ́fin tẹ̀lé àwo láti Ilé-Ifẹ̀ wá títí ó fi rì ní odò. Nítorí náà ó pẹ́ tí àwọn baba ibẹ̀ ti mọ ohun tí í jẹ́ kí a para pọ̀ tẹ ìlú dó. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí a kò bá ti ń kéde ọ̀rọ̀ fún ara ilé àti ara oko bákan náà, ìlú àwọn ènìyàn díẹ̀ ni. Nígbà tí Ìgbàgbọ́ dé, ìjọ gba ọ̀rọ̀ náà lò, ó sì gba ìtumọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: ohun tí a bá kéde ti di ti gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìjọ kò wà ní ọjọ́ kan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni Henry Townsend ti ẹgbẹ́ C.M.S. dé bá a. Abẹ́ igi Agia, igi ńlá tí ìjì wó ní ọdún 1959, ni a ti wàásù fún àwọn ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ wọ̀nyí. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ó dúró lábẹ́ igi náà jẹ́ olùgbọ́; wọn kò tíì di ìjọ. Olùgbọ́ a máa wá, a sì máa lọ. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀ bí kò bá wá mọ́. Ìjọ ni àwọn ènìyàn tí ọ̀kan wọn kò lè ṣe aláìsí kí àwọn yòókù má mọ̀. Townsend àti Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, níbi tí Crowther gbé rí Àfàlà ìyá rẹ̀, ẹni tí àwọn akónilẹ́rú ti yà á nípá ní ọdún 1821. Ní ọdún 1848 ni a ṣe ìrìbọmi fún àwọn ẹni àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta, ìyá náà sì wà nínú wọn. Láti ọjọ́ tí a ti kọ orúkọ wọnnì sínú ìwé ni a ti ní àwọn ẹni tí a ó máa kéde fún, àti àwọn ẹni tí a ó máa kéde nípa wọn.

Ẹ wo bí ìkéde ti ṣe pàtàkì tó sí àwọn àgbà wọ̀nyí. Ní ọdún 1859, nígbà tí Townsend fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa, ìròyìn ìjọ wà lára ohun tí ó kún inú rẹ̀: ìrìbọmi, àlùfáà tí ó dé àti àlùfáà tí ó lọ. Àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn lónìí, tí wọ́n sì ń sùn nígbà ìkéde, kò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì.

Nínú gbogbo ìkéde, ti ìgbéyàwó ni ó lọ́jọ́ lórí jù. Ìgbìmọ̀ ńlá tí ó péjọ ní Róòmù ní ọdún 1215 ni ó pàṣẹ fún gbogbo ìjọ ìhà Ìwọ̀-Oòrùn pé kí a máa kéde orúkọ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ṣáájú, kí ẹni tí ó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ lè sọ ọ́. Ìwé Àdúrà Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta, Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé ìwé náà wá sí èdè wa. Ó rọrùn fún àwọn baba wa láti gba èyí, nítorí pé àwọn náà kò fi ìgbéyàwó ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Alárenà a lọ, a bọ̀. Ẹbí a wádìí ẹbí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìjọ di ẹbí pẹ̀lú. Ọmọ àlejò tí kò ní baba tàbí ìyá ní ìlú náà, tí kò ní ẹni tí yóò bá a wádìí, gbogbo ìjọ ni ó ń bá a wádìí nígbà tí a bá ń ka orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

A wá kan ọ̀rọ̀ owó kíláàsì, èyí tí ó ń mú kí ọ̀pọ̀ fa ojú ro. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejì ọdún 1742. John Wesley àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ gbèsè lórí ilé ìsìn tí wọ́n kọ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Captain Foy, dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan fèsì pé òtòṣì wà láàrin wọn tí kò lè rí i san. Ọkùnrin náà dáhùn pé kí a fi mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tòṣì jù sí abẹ́ òun. Bí wọ́n bá rí i san, ó dára. Bí wọn kò bá sì rí i san, òun yóò san án fún wọn. Báyìí ni a ṣe pín ìjọ sí ọ̀wọ́ ènìyàn méjìlá méjìlá, tí olórí kọ̀ọ̀kan sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kò pẹ́ tí àwọn olórí fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìròyìn wá pẹ̀lú owó: ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí òun àti aya rẹ̀ ń jà. Wesley rí i pé ìbẹ̀wò náà níye lórí ju owó náà lọ. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì mú ètò yìí wá sí ilẹ̀ wa, àwọn ìjọ C.M.S. pẹ̀lú sì gbà á lò. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìrántí èyí dáadáa, nítorí a ó padà sí i: a dá kíláàsì sílẹ̀ kí òtòṣì má bàa sọnù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó sọ kíláàsì di ọ̀ràn ìyè àti ikú ni wàhálà. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, ọ̀nà dí láàrin Ìbàdàn àti etíkun. David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wà nínú Ìbàdàn. Owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn, ó sì di dandan fún wọn láti ta nínú ohun ìlò ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí wọ́n lọ ní ọdún 1869, Daniel Olúbí, ọmọ ilẹ̀ wa, ni ìjọ Ìbàdàn wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀: a kó ilé ìsìn, a ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì sì ní láti kúrò ní ìlú. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sá wá sí Ẹ̀bute Mẹ́ta. Àwọn tí ó kù kò ní ilé ìsìn, kò ní òyìnbó, kò ní ìwé ìròyìn. Kí ni ó kù? Ènìyàn tí ó mọ orúkọ ènìyàn ni ó kù. Àwọn tí wọ́n mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n rí ní ọjọ́ ìsìn, tí wọ́n sì lè lọ wò ó bí wọn kò bá rí i, àwọn ni wọ́n di ìjọ náà mú kí ó má tú ká.

Henry Venn, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1841 títí di ọdún 1872, ti ń sọ tipẹ́tipẹ́ pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ìhìn rere kálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1875 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ìjọ fi gba ìnáwó àlùfáà rẹ̀ sí ọ̀rùn ara rẹ̀. James Johnson, ẹni tí ó ti Sàró wá ní ọdún 1874, ni ó wà ní ìjọ St. Paul's, Breadfruit. Láti ìgbà náà ni ìkéde owó kíláàsì ti ní ohùn mìíràn. Kì í ṣe pé ẹnìkan ní òkè òkun ń tọrọ. Àwa fúnra wa ni a ń sọ fún ara wa pé, bí a kò bá dá a, ebi yóò pa olùkọ́ wa, a ó sì ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ẹni tí ó ń bọ́ ara rẹ̀ kò ní pẹ́ bèèrè ọ̀rọ̀ sísọ nínú ilé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1901, nígbà tí àríyànjiyàn dé lórí bí a ṣe mú James Johnson, tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù, kúrò ní Breadfruit, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ náà jáde, wọ́n sì dá Ìjọ Áfíríkà ti Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Jacob Kẹ́hìndé Coker jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó lọ. Ẹ̀yin ará Ìgàndò, ibí yìí ni ìtàn náà gbé súnmọ́ ilé wa, nítorí pé àgbẹ̀ kòkó ni Coker, oko rẹ̀ sì wà ní Ìfàkọ̀ ní ìhà Agége. Ní ọdún 1901 kan náà ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì gba Agége kọjá. Àwọn lébìrà wá láti inú ilẹ̀ Yorùbá láti ṣe iṣẹ́ ní àwọn oko wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì gbọ́ ìwàásù rí. Nínú oko ni wọ́n gbé bá ìsìn pàdé. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, wọ́n mú ohun méjì lọ: ọgbọ́n gbígbin kòkó àti Ìgbàgbọ́. Nítorí náà kì í ṣe ìlú ńlá nìkan ni ìjọ ti ń jáde wá. Abúlé àti ahéré ìhà tiwa yìí pẹ̀lú ti bí ìjọ fún àwọn ẹlòmíràn.

Nípa oko ni a ó fi dé orí ìkórè. Ní ọdún 1843, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Robert Hawker, ní abúlé Morwenstow ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pe àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ìsìn ìdúpẹ́ fún èso ilẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn kálẹ̀. Àwọn baba wa kò nílò kí a kọ́ wọn láti dúpẹ́ fún iṣu titun. Ohun tí ó jẹ́ titun ni pé gbogbo oko para pọ̀ sí iwájú pẹpẹ kan: iṣu, ọsàn, ìrèké, àgbàdo, adìyẹ tí a so ní ẹsẹ̀, lẹ́yìn ìsìn a sì lu gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo pẹ̀lú ẹ̀rín àti àwàdà. Ẹni tí kò ní owó ní iṣu. Ẹni tí kò ní iṣu ní ọwọ́ láti gbálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó wá ní òfo tí kò rí iṣẹ́ ṣe.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kan níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ korò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tí a dá sílẹ̀ kí òtòṣì má bàa sọnù ti di ohun tí a fi ń mọ òtòṣì yàtọ̀. Àwọn ìjọ wà níbi tí ó jẹ́ pé, bí ẹnìkan bá kú, ìwé kíláàsì rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ bèèrè. Bí ó bá jẹ gbèsè, àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti san án kí àlùfáà tó dé ẹ̀gbẹ́ ibojì. Àwọn tí ń gbèjà àṣà yìí ní ọ̀rọ̀ tiwọn: wọ́n ní bí a kò bá fi ọwọ́ líle mú un, ọ̀lẹ kò ní san án, ẹrù gbogbo a sì di ti ènìyàn díẹ̀. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ṣùgbọ́n níbo ni olórí kíláàsì wà ní gbogbo ọdún tí opó náà kò fi san? Ǹjẹ́ ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Ǹjẹ́ ó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti fọ́, pé kò lè dé ọjà mọ́? Bí gbèsè bá wà nínú ìwé náà, gbèsè àwọn méjì ni: ti ẹni tí kò san, àti ti ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́ wò. Captain Foy kò sọ pé kí a lé àwọn mọ́kànlá jáde. Ó ní kí a fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ òun.

Ìdánwò ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá wa lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ni àrùn gágá tí ó kárí ayé bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. A ti ilé ìsìn àti ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ ojú irin sì gbé àrùn náà wọ inú ilẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún fi òfin de ìpéjọpọ̀, ó sì di oṣù Kẹjọ kí a tó ṣí ilé ìsìn. Ní gbogbo oṣù wọnnì kò sí pẹpẹ tí akọ̀wé lè dúró níwájú rẹ̀ kà ìkéde. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ ìjọ yàtọ̀ sí àwọn olùgbọ́. Níbi tí kíláàsì bá ti jẹ́ orúkọ lásán, ìlẹ̀kùn tí a tì ti ìjọ pẹ̀lú, níbi tí ó bá ti jẹ́ ìbẹ̀wò ní tòótọ́, ẹnìkan yóò máa bèèrè lórí tẹlifóònù pé, “Màmá, ṣé ẹ ti rí oògùn yín rà?”

Ìgàndò ti òní kì í ṣe abúlé àgbẹ̀ mọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́ ju 1,200,000 lọ. Láti ìgbà tí ìlú ti ń gbòòrò ni àlejò ti ń wọlé láti ibi gbogbo, ilé ìwòsàn ńlá ti wà nínú ìlú, ènìyàn sì lè gbé ní ilé kan fún ọdún mẹ́ta láìmọ orúkọ ẹni tí ó wà ní yàrá kejì. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìwé pélébé akọ̀wé ìjọ tún ti di ohun tí akéde jẹ́ ní àtijọ́: ohùn tí ó ń sọ fún àlejò pé a mọ̀ pé ó wà. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ó jẹ́ kìkì ohun tí a fẹ́ gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Bí a bá kéde ìkórè tí ń bọ̀, kí a kéde ohun tí a fi ti èṣí ṣe. Bí a bá kéde owó kíláàsì, kí a kéde ìbẹ̀wò. Bí a bá pe orúkọ ẹni tí ó fún ìjọ ní ẹ̀bùn, kí a má gbàgbé ẹni tí a kò rí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe láìná owó. Ìwé ìkéde tí akọ̀wé bá ti kà tán, a máa ń sọ ọ́ nù, tàbí kí a fi di ẹ̀pà. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí orí rẹ̀. Ẹ tò wọ́n sínú ìwé kan. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn àgbà ìjọ láti bèèrè: ta ni ó kọ́kọ́ jẹ́ olórí kíláàsì níhìn-ín? Ilé ta ni a ti ń péjọ kí a tó kọ́ ilé ìsìn? Kí ni a mú wá sí ìkórè àkọ́kọ́? Lẹ́yìn ogún ọdún, ìwé yín yóò jẹ́ ìtàn ìlú, ẹ̀yin ni yóò sì ti kọ ọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí akọ̀wé bá tún dìde ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ má ṣe jáde. Ẹ fetí sí àwọn orúkọ tí yóò kà. Bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan ń ṣe àìsàn ní àdúgbò yín, ẹ bá àwọn òbí yín lọ kí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà náà ni ìkéde yóò tó ṣe iṣẹ́ tí a rán an.